Ọkọ̀ Tí Kì Í Fi Ẹnikẹ́ni Sílẹ̀

Òórùn ata díndín àti ewé kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn nínú ọkọ̀ àǹtí yẹn. Á wọnú aṣọ, á bá mi délé, ọkọ mi á ní, "O tún ti lọ jẹun lóde." Ará Íńdíà ni àǹtí. Òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbé àdúgbò wa ní Redan, nílùú òyìnbó níbí. Wọn kì í pe àgbà lórúkọ nílé wọn, bíi tiwa náà, èmi náà sì ń pè é ní àǹtí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé nígbà náà. Ọkọ mi wà níléèwé, èmi ríṣẹ́ sí warehouse kan ní McDonough, à ń di ẹrù sínú páálí. Redan ò jọ Ìbàdàn: ilé rẹpẹtẹ, koríko gígé, bọ́ọ̀sì ò sì wọ àdúgbò wa. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, kí n máa wá ẹni tó máa gbé mi. Lọ́jọ́ kan, àǹtí dúró, ó ní, "Wọlé." Àṣé ibi iṣẹ́ kan náà la ń lọ.

Mo bi í pé kí ló dé tó ń ṣe wàhálà lórí ẹni tí kò mọ̀ rí. Ló bá sọ̀rọ̀ abúlé rẹ̀ fún mi. Orí òkè ló wà, ilé ibẹ̀ ò pọ̀. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń kó wọn lọ sílùú láàárọ̀, òun náà ló ń kó wọn padà nírọ̀lẹ́. Dírẹ́bà mọ gbogbo wọn lójú, kò sì ní gbéra títí àwọn tó kó wá á fi pé, ìbáà ṣe ìyá arúgbó kan ló ṣì ń ra iyọ̀. Wọ́n bẹ ìjọba fún bọ́ọ̀sì kejì, ìjọba ní wọn ò pọ̀ tó. Àǹtí ní, "Àìpọ̀ wa náà ni kò jẹ́ kó gbàgbé wa." Mo rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, àlọ́ ló ń pa.

Irọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà òtútù, ọ̀gá dá mi dúró kí n tún àwọn ẹrù kan dì. Fóònù mi ti kú, mi ò mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni lórí, àwọn méjì mìíràn tí àǹtí ń gbé sì kánjú ju ọkọ̀ lọ. Nígbà tí mo jáde, ibi ìgbọ́kọ̀sí ti dá páropáro. Ibo ni mo fẹ́ gbà délé? Àfi bí iná ọkọ̀ àǹtí ṣe tàn sí mi láti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan. Àwọn tó wà lẹ́yìn fajú ro, ọ̀kan pòṣé. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Kò tiẹ̀ wojú mi. "Ṣebí èmi ni mo gbé ẹ wá láàárọ̀?" Mo sunkún dé Redan, ojú ò sì tì mí láti sọ ọ́.

Àǹtí ti padà sí abúlé rẹ̀ ní Íńdíà. Èmi náà ti ní ọkọ̀, shift alẹ́ ni mò ń ṣe, mo sì ń gbé àwọn mẹ́ta kan. Láìpẹ́ yìí, a ti parí iṣẹ́ láàárọ̀, ọmọ Ṣàgámù kan nínú wọn nìkan ni kò tíì jáde, ni àǹtí pè. Ọjọ́ ti ń rọlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Mo ní, "Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Òkè ni mò ń gùn. Bọ́ọ̀sì ò wá mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ, wọ́n ní àwa tó kù ò pọ̀ tó."

Ó dùn mí wọra. Ẹni tó dúró dè mí, kò sẹ́ni tó ń dúró dè é. Òun ló tún bi mí pé, "Àwọn èèyàn tìẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti pé?"

Kò pẹ́ tí ọmọ Ṣàgámù fi sáré wọlé, tó ń tọrọ àforíjì. Àwọn yòókù sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mo ní, "Ó ṣì ku ẹnì kan." Mo gbé fóònù sétí, mi ò ṣáná sọ́kọ̀ títí mo fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn ilé àǹtí ṣí lọ́hùn-ún.