Omi Tí Ajẹ́lẹ̀ Kò Fi Wẹ̀

Omi ń kán láti etí garawa sí mi lọ́rùn, ó ń ṣàn tútù dé ẹ̀yìn, nígbà tí ẹnì kan gbé ẹrù náà kúrò lórí mi. Òórùn èéfín àti òrí ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó rí ojú rẹ̀. Yèyé ni, ìyá tó bí ìyá mi.

"Ta lo ń pọn ọ́n fún?"

Mo ní tíṣà wa ni. Àràárọ̀ ló ń yan díẹ̀ nínú wa kí a lọ pọn omi sí ilé rẹ̀. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí wa, odò wà nísàlẹ̀, ilé tíṣà wà lókè, òkúta ọ̀nà náà sì máa ń yọ̀ bí ìrì bá sẹ̀.

Yèyé gbé garawa náà fúnra rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà tíṣà. Ó kí i dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ.

"Tíṣà, omi yín rèé. Òní ló kẹ́yìn fún ọmọ tèmi."

"Màmá, àṣà ilé ìwé ni."

"Mo mọ̀. Ta ló dá a?"

Tíṣà gba garawa náà lọ́wọ́ rẹ̀. Yèyé fà mí lọ́wọ́, ó kọjú sọ́nà ilé wa. "Jẹ́ ká re ulé."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí a ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, ó sọ ìtàn omi pípọn tirẹ̀ fún mi.

Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, àwọn obìnrin ìlú ló ń pọn omi sí ilé tí ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, máa ń dé sí. Kò sí owó, kò sí ẹ ṣeun. Akódà, ọlọ́pàá ayé ìgbà náà, ló ń kó wọn láti ilé dé ilé, ìbáà ṣe aboyún, ìbáà ṣe abiyamọ. Ọ̀dá dá lọ́dún kan, odò fà, omi tí ọmọ máa mu kò tó, síbẹ̀ òyìnbó gbọ́dọ̀ wẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́jọ́ kan Yèyé dúró níwájú ilé náà, ó sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀, ó pe àwọn ọmọ tó wà nítòsí pé kí wọ́n wá mu. Àwọn obìnrin yòókù wò ó títí, wọ́n sọ tiwọn náà kalẹ̀.

"Àwọn ọmọ mu ún tán pátá," ló wí, bí ẹni ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá.

Wọ́n tì í mọ́lé, tòun tọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Ìyá mi ni ọmọ náà. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin tó pọn omi mọ́. Bí akódà bá dé, òfìfo ilé ló ń bá. Gbogbo wọn ti gba oko lọ. Nígbà tó sú ajẹ́lẹ̀, ó tú Yèyé sílẹ̀, ó sì sanwó fún àwọn ọkùnrin kí wọ́n gbẹ́ kànga sẹ́yìn ilé rẹ̀.

Mo bi í bóyá ẹ̀rù bà á.

"Ó bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ń mu ọmú, ojú mi ló sì ń wò. Mo bá ń rẹ́rìn-ín sí i ní gbogbo ìgbà tí a fi wà ní àtìmọ́lé, kó má baà kọ́ ẹ̀rù lọ́dọ̀ mi."

Yèyé ti lọ tipẹ́. Kò ní àwòrán kankan, n kò sì tíì gbọ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó jà fún òmìnira. Ìyá mi dàgbà di ẹni tí kì í gbọ̀n níwájú ẹnikẹ́ni, àwọn ará ìlú sì ń sọ pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Èmi mọ̀ pé wọn kò bí i bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, mo ti ní ọmọ-ọmọ. Bí ẹ̀rù bá bà mí, mo máa ń kọ́kọ́ wò yíká, bóyá ọmọdé kan ń wo ojú mi.