Ọkùnrin Tó Ń Ta Aṣọ Ajalèlókun ní Peckham

Ọdún kẹta lẹ́yìn ikú bàbá mi ni mo di ajalèlókun. Ẹ má fòyà, n kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Obìnrin òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kánsù ló mú mi wọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n máa ń múra bí àwọn olè orí òkun ayé àtijọ́. Tó bá di ìgbà ooru, wọ́n á pàgọ́ sí etí òkun, wọ́n á máa yin ìbọn tí kò ní ọta, àwọn èèyàn á sì máa wò wọ́n. Obìnrin náà ní mo ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ó yẹ kí n wá nǹkan fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe. Ìyá mi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Peckham nígbà náà. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "A talẹ̀ rán ẹ wá sí London, o wá lọ ń kọ́ṣẹ́ olè!"

Ẹgbẹ́ náà ní òfin. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa yẹ aṣọ ara wa wò lọ. Bó bá rí síìpù, tàbí rọ́bà, tàbí aṣọ tó ń dán bí ọ̀rá, ilé ló ń dá èèyàn padà sí. Ẹ̀wù aṣọ ọ̀gbọ̀ gidi ló fẹ́, àti kóòtù onírun àgùntàn, bọ́tìnnì igi tàbí ti egungun, bàtà awọ tó ní ìdè irin níwájú. Àwọn kan ń rán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, owó tí wọ́n ń pè lé e sì fi hàn pé ajalèlókun gan-an ni wọ́n.

Èmi kọ́ ni wọ́n máa já lólè bẹ́ẹ̀. Ọmọ télọ̀ ni mí. Bàbá mi ránṣọ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì kọ́ mi láti kékeré pé kí n yí aṣọ padà, kí n wo inú rẹ̀ kí n tó wo òde. Àwọn náà kì í ra aṣọ láìjẹ́ pé wọ́n yí i padà, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ojú rírán rẹ̀, wọ́n sì fi èékánná àtàǹpàkò họ ọ́.

N kò sí níbi ìsìnkú wọn. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ ìjọba, bí mo bá sì jáde, n kò ní lè wọlé mọ́. Orí fóònù ni mo ti wò ó nínú ilé ìdáná mi, tí mo dúró ti fèrèsé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dáa. Bí wọ́n ṣe gbé pósí dé etí sàréè báyìí, àwòrán dúró gbagidi. Nígbà tó máa padà dé, wọ́n ti ń pín oúnjẹ. N kò rí i kí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bo bàbá mi. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìsọ̀ kan wà lábẹ́ afárá rélùwéè lẹ́yìn Rye Lane, tí èèyàn bá ti kọjá àwọn tó ń ta iṣu àti panla. Kò ní pátákó. Ọ̀sán Sátidé kan ni mo wọbẹ̀. Aṣọ àtijọ́ so rọ̀ látòkè délẹ̀, òórùn káńfọ̀ tí wọ́n fi ń lé kòkòrò sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọkùnrin kan kẹ́yìn sí mi. Mo ní mo ń wá ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ funfun tí kò wọ́n. Ó fa ẹ̀wù kan yọ, ó yí i padà, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ojú rírán rẹ̀, ó sì fi èékánná àtàǹpàkò họ ọ́. Ó húkọ́ díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó dá iye lé nǹkan, ó ní, "Pọ́n-ùn mẹ́jọ."

Nígbà tó yíjú sí mi, bàbá mi ni mo rí.

N kò sọ pé ó jọ wọ́n. Irùngbọ̀n tó hu níbì kan tí kò hu níbòmíràn, etí ọ̀tún tó ká lókè, eyín iwájú tó fi díẹ̀ gun èkejì, gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan ni kì í ṣe tiwọn. Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó dàgbà sí South London ni, èyí tí wọ́n máa ń gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì. "O pẹ́ kó o tó dé," ló wí fún mi. Bóyá bó ṣe ń kí gbogbo oníbàárà nìyẹn. Rélùwéè kọjá lórí wa, gílóòbù bẹ̀rẹ̀ sí í jù síwá sẹ́yìn, òjìji gbogbo ẹ̀wù tó so rọ̀ sì ń rìn lára ògiri. N kò wo ilẹ̀ bóyá òun náà ní òjìji. Ẹ̀rù bà mí láti wò ó. Mo sanwó, mo gba ẹ̀wù, mo sì rìn délé láì mọ ọ̀nà tí mo gbà.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà nínú ilé ìdáná. Mo ní, "Mọ́mì, mo rí Dádì."

Mo rò pé wọ́n á ní orí mi ti dàrú. Ohun tí wọ́n bi mí ni, "Níbo?"

Lọ́dọ̀ tiwa, a gbà pé ẹni tó bá kú láìpé ọjọ́ lè lọ dó sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, kó máa ṣòwò, kó máa jẹ, kó máa mu bí alààyè. Akúdàáàyà là ń pè wọ́n. Wọn kì í ṣe èèyàn ní ibi. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ wọ́n nígbà ayé wọn bá pe orúkọ wọn lójú wọn, wọ́n á pòórá, kò sì sẹ́ni tó tún máa rí wọn láé. Ìyá mi sọ fún mi ní ọjọ́ yẹn nípa obìnrin kan tó kú ní Ìjẹ̀bú, tí àbúrò rẹ̀ lọ bá a ní Kánò níbi tó ti ń dín àkàrà. Àbúrò figbe ta, ó pe orúkọ rẹ̀. Epo ṣì ń hó lórí iná, àpótí ìjókòó ti ṣófo.

Wọ́n ní, "Màá lọ síbẹ̀ fúnra mi. Màá pè wọ́n. Tó bá jẹ́ bàbá ẹ ni, kí wọ́n lọ sinmi. Tí kì í bá ṣe àwọn, kó o yéé da ara ẹ láàmú, kó o gbájú mọ́ shift ẹ." Àmọ́ ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, wọn kò tún sọ ọ́ mọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Old Kent Road dé, wọ́n jókòó pẹ́ láì bọ́ sùtánà. Wọ́n wá ní, "Má pe orúkọ wọn o. Ṣó o gbọ́? Máa lọ ra nǹkan ẹ, kó o máa bọ̀." Mo gbà pé ẹ̀rù ló ti bà wọ́n.

Èmi gan-an kò tíì fi ẹnu mi pe orúkọ bàbá mi rí. Ọmọ wo ló ń pe bàbá rẹ̀ lórúkọ? Dádì ni mo ń pè wọ́n. Orúkọ tèmi ni ìyá mi fi ń pè wọ́n, Bàbá Lágbájá. Nínú ilé wa, orúkọ yẹn kì í jáde, àfi tí a bá ń kún fọ́ọ̀mù. Nítorí náà kò ṣòro fún mi láti pa ẹnu mọ́. Mò ń lọ ní Sátidé Sátidé, mò ń rajà.

Mo ra ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ àwọn atukọ̀. Mo ra fìlà onírun àgùntàn, bẹ́líìtì, bọ́tìnnì egungun tí n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ wéskóòtì, kò fi téèpù wọ̀n mí. Ó wo èjìká mi lẹ́ẹ̀kan péré, ó mú ọ̀kan wá láti ẹ̀yìn, ó sì bá mi mu bí ẹni pé ara mi ni wọ́n rán an sí. Mo bi í níbo ló ti wá. "Ọ̀nà jíjìn," ló wí, ó sì ń bá ìdè bàtà tó ń nù lọ. Mo bi í nípa ẹbí. Ó ní òun kò ní ẹnìkankan. Lọ́jọ́ kan mo kí i ní Yorùbá lẹ́nu ọ̀nà, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Ó kẹ́yìn sí mi, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń jẹ́ ìkíni. Mo ní Dádì ni lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ta ni kò gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́" ní Peckham?

Onírùngbọ̀n ẹgbẹ́ wa yẹ ara mi wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó ní níbo ni mo ti ń rí ojúlówó báyìí lówó pọ́ọ́kú. Mo purọ́ fún un pé Stockwell ni, mo sì júwe òpópónà tí kò sí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ máa bi ọkùnrin yẹn ní ìbéèrè. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àfi Sátidé tí mo débẹ̀ tó ń di ẹrù. Ó ní wọ́n fẹ́ tún abẹ́ afárá ṣe, wọ́n ti ní kí gbogbo wọn kó jáde, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun máa wá kẹ́yìn. Mo ní, "Níbo lẹ wá ń lọ, sà?" Ó ní òun á ríbì kan. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì, n kò sì bìkítà ẹni tó ń wò mí. Bí mo pè é, ó lọ. Bí n kò pè é, ó lọ náà. Mo ti jẹ́ kí bàbá mi lọ lẹ́ẹ̀kan láì sọ pé ó dàbọ̀, n kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọ̀sán Sátidé kejì, ẹgbẹ́ wa ṣe ìdánrawò ní pápá, láti ibẹ̀ ni mo sì ti gba ìsọ̀ náà lọ, pẹ̀lú aṣọ ajalèlókun látorí dé ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì ní Rye Lane. Ìsọ̀ ti ṣófo. Ọkùnrin náà ń gbálẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì. Mo pe, "Dádì." Ó dá ìgbálẹ̀ dúró. Mo wá di ojú mi, mo pe orúkọ bàbá mi, èyí tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ kẹjọ, àti orúkọ ìdílé pẹ̀lú. Rélùwéè ń kọjá lórí wa. Mo ní, "Ẹ forí jì mí pé n kò wá. Ó dàrìnnàkò o, ó dojú àlá." Ariwo yẹn lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. N kò gbọ́ nǹkankan mọ́. Mo rò pé ó ti parí.

Mo la ojú. Bàtà rẹ̀ méjèèjì ṣì wà níwájú mi. Ó na ọwọ́ sí mi, ó gbé mi dìde. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó sì le, ọwọ́ alààyè.

"Ìwọ ni ẹnì kejì," ló wí. "Ìyá àgbà kan wá síbí ní nǹkan bí Easter. Aṣọ funfun látòkè délẹ̀, ẹsẹ̀ lásán lórí símẹ́ǹtì tútù yìí. Mo rò pé iwin ni. Ó kúnlẹ̀ síbi tó o kúnlẹ̀ sí yìí, orúkọ yìí kan náà ló pè mí. Ó wá ń wò mí, bí ẹni pé ó ń retí kí n ṣe nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ kí n ṣe."

Mo ní, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ó sunkún. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ní ọmọbìnrin kan máa ń wá ní Sátidé, kí n jọ̀ọ́, kí n máa ní sùúrù fún un."

Ìyá mi ń ká aṣọ ní pálọ̀ nígbà tí mo wọlé. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ní, "Mọ́mì, mo pè wọ́n. Wọn ò lọ."

Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ojú mi ni wọ́n ṣe da iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n, mo tún lọ kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin yẹn. Ìwọ tí o ò rí nǹkankan ńkọ́? Ṣé kí n tún wá gba ìwọ̀nba tó o rí yẹn lọ́wọ́ ẹ ni?" Wọ́n gbé aṣọ tí wọ́n ń ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì sún fún mi lórí àga. "Ṣí fìlà olè yẹn kúrò lórí. Wá jókòó, ká sunkún bàbá ẹ."