Àpótí Tí Bàbá Mi Kàn fún Tíṣà Orí Rédíò

Kí wọ́n tó bí mi ni bàbá mi ti ń tún rédíò ṣe. Á gbé rédíò tó dákẹ́ sétí, á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, á sì ní, "Wáyà kan ti já níbí." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò rí tún ṣe láyé rẹ̀: owú.

Ẹni tó ń jowú sí, ojú wa ò rí i rí. Tíṣà kan ni, tó máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní sáyẹ́ǹsì lórí rédíò ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Aránṣọ ni ìyá mi, oníbàárà kankan ò sì lè dá a dúró lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí aago mẹ́rin bá ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún, á gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, á ṣí ìwé rẹ̀. Fèrèsé kan ló wà láàárín yàrá ìránṣọ àti ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Ojú fèrèsé yẹn ni bàbá mi ti ń ṣọ́ ọ.

"Ó tún ti nu ojú," ló máa ń wí fún mi. "Ṣé Tíṣà ń rí i ni?"

Ẹnu mi náà kì í dákẹ́. "Bàbá, lánàá Tíṣà ní, 'Ẹ̀yin olùgbọ́ mi ọ̀wọ́n.'"

"Gbogbo ayé ló ń pè bẹ́ẹ̀!"

"Màámi nìkan ló rẹ́rìn-ín."

Mi ò purọ́ o. Iyọ̀ ni mo fi sí i díẹ̀.

Ohun tó wá ká bàbá mi lára jù ni pé ọ̀rọ̀ ìgbì ni Tíṣà dáwọ́ lé lóṣù náà, ìyẹn ìgbì tí iná àti òòfà jọ gbé rìn, tí rédíò fi ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó ń bọ́ bàbá mi ni ẹlòmíràn fi ń dá ìyàwó rẹ̀ lára yá! Lọ́jọ́ kan, ìyá mi so okùn mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó di orí kejì mú, ó ń mì í.

"Wò ó, tí mo bá rọra mì í, ìgbì á gùn. Tí mo bá yára, á kúrú." Ó mú téèpù ìwọnṣọ, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mítà mẹ́ta sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bí ìgbì tó ń gbé Tíṣà wá ṣe gùn nìyí." Ó gbójú sókè wo fèrèsé. "Baálé mi, tí ẹ bá dùbúlẹ̀ síbí, ẹ ò lè kún un."

Bàbá mi pa fèrèsé dé gbàà.

Ọjọ́ kejì ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró òòlù. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá mi gbé àpótí onípákó kan wọlé, ó ń dán gbinrin. Ó ní ilẹ̀kùn. Páànù ló fi tẹ́ gbogbo inú rẹ̀, títí kan ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì lu ihò wẹ́wẹ́ síwájú kí ohùn lè máa jáde.

"Èérún aṣọ ń kó sínú rédíò rẹ," ló wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi súre fún un títí. Aago mẹ́rin lù, a gbé rédíò sínú àpótí, a ti ilẹ̀kùn. Ṣììììì! Kò sí Tíṣà, kò sí orin, àfi bí ẹní ń dín nǹkan.

"Ó jọ pé Tíṣà ti kó lọ," bàbá mi wí lójú fèrèsé. Ohùn rẹ̀ dùn ju ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ lọ.

Ọjọ́ kejì, ṣììììì. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá mi ṣí ilẹ̀kùn àpótí, Tíṣà sọ̀rọ̀ ketekete. Ó tì í, Tíṣà pa rẹ́. Ó ṣí i, ó tì í. Ó fi ìka ra páànù náà, ó sì ṣí ìwé rẹ̀ sẹ́yìn sí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó kàn ní kí n lọ gba fóònù bàbá mi wá.

Mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ fi wo aago. A yọ rédíò sórí tábìlì, a ti fóònù mọ́ inú àpótí, ìyá mi fi tirẹ̀ pè é. Wọ́n ní ẹni tí à ń pè kò sí nítòsí. A ṣí ilẹ̀kùn, ó tún pè é, ó dún.

"Baálé mi o! Ẹ wá bá mi tún nǹkan ṣe."

Bàbá mi wọlé, ó rí fóònù rẹ̀ nínú páànù. Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi.

"Pákó kì í dí ìgbì rédíò lọ́nà," ìyá mi ka ìwé rẹ̀ sí i létí, "irin ló ń dá a padà. Ihò tí ẹ lu ńkọ́? Ohùn lè gbabẹ̀ jáde, àmọ́ ìgbì oní mítà mẹ́ta ò lè gba ojú ihò tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ wọlé. Kí ni Tíṣà fi ṣe yín?"

Bàbá mi yọ fóònù rẹ̀ kúrò nínú àpótí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà nídìí rédíò nínú ilé yìí. O ò bi mí ní nǹkan kan rí."

"Mo bi yín. Ọdún tí a fẹ́ra wa, mo ní báwo ni rédíò ṣe ń gba ohùn tí ògiri wà láàárín. Ẹ ní, 'Kò lè yé ọ, lọ bá mi mú tọ́ọ̀ṣì wá.'"

 

Bàbá mi fa àga, ó jókòó. "Ohùn kọ́ ló ń la ògiri," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ìgbì ló pọn ọ́n wá, rédíò ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohùn ò lè rìn níbi tí kò sí atẹ́gùn, ìgbì yìí lè rìn níbi tí kò sí nǹkan kan rárá."

"Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Tíṣà ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Kí ló dé tí ògiri ń dá a dúró?"

"Ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́, eré kan náà ni wọ́n ń sá lójú òfuurufú. Àmọ́ ìgbì ìmọ́lẹ̀ kúrú gan-an, ògiri á gbé e mì tàbí kó tú u ká. Ti rédíò gùn, ògiri kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó kọjá. Páànù ní tirẹ̀..."

Fóònù rẹ̀ dún. Oníbàárà ni. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú àpótí, ó ti ilẹ̀kùn. Ó pa rẹ́.

"Ẹ máa wí. Páànù ńkọ́?"

Ó ṣàlàyé títí aago márùn-ún fi kọjá. Tíṣà ń sọ̀rọ̀ lọ nínú rédíò lórí tábìlì títí tó fi parí, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó wí.

Láti ìgbà náà, bó bá ti di aago mẹ́rin, fóònù bàbá mi á wọ àpótí, rédíò á jókòó lé e lórí. Ó ṣì ń jowú o. Lánàá, Tíṣà ò tíì parí gbólóhùn kan tí bàbá mi fi pariwo pé, "Mo ti sọ ìyẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun! Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, baálé mi," ìyá mi dáhùn, kò gbójú kúrò nínú ìwé.

Mo sì ti ń ṣọ́ bàbá mi láti ojú fèrèsé. Ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tó wọlé wá jókòó ti ìyá mi, òun náà á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.