Bàbá Kafáyà fi ìka sí àárín ìwé

Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n jẹ́wọ́: èmi tí mò ń pariwo pé irọ́ ni èsì ìdánwò iléèwé wa, mi ò dán ọmọ mi wò rí.

Lónìí, níbi ìpàdé òbí n'Ígbògbò, èsì ìwé kíkà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà dán àwọn ọmọ wa wò tún burú. Ariwo ta. "Kọ̀ǹpútà ló ṣe àṣìṣe!"

Bàbá Kafáyà dìde. "Èmi náà ò gba kọ̀ǹpútà yẹn gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé gidi dán wọn wò."

Ó pe ọmọ ẹ̀, ó ṣí ìwé kíláàsì wọn fún un. Kafáyà kà á geere. A pàtẹ́wọ́.

Bàbá ẹ̀ wá fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan ní àárín ìwé, bí ààfáà ṣe máa ń ṣe nílé kéú. "Kí nìyí?"

Ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè, ó wá bú sẹ́kún. Ó ti há gbogbo ẹ̀ sórí ni!

"Ojú ló ń tì í!" la tún pariwo.

"Rárá o," ni Bàbá Kafáyà wí. "Kọ̀ǹpútà ò parọ́ mọ́ wa. Kafáyà mi, má sunkún, a jọ máa kọ́ ìwé kíkà ni."

Ọkùnrin yẹn wú mi lórí! Ó ṣiyèméjì bíi tiwa, àmọ́ ó wádìí, ó sì gba ohun tó rí.

Ta ló lè ṣe é lójú gbogbo èèyàn nínú yín? Èmi ò lè ṣe é. Lọ́la, nínú yàrá, màá fi ìka sí àárín ìwé Dàmọ́lá ọmọ mi.