Mo fẹ́ lọ sinmi létí adágún orí òkè, ó di ẹjọ́

Mo sọ fún Màmá, ìyá bàbá mi, ní Ìkòsì láàárọ̀ yìí pé mo fẹ́ lọ sinmi, ó sì di ẹjọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ ṣáà mọ ètò wa: ká wọ bọ̀lẹ̀kájà lọ sí Adó Àwáyè, ká jókòó létí adágún tó wà lórí òkè, ká má ṣe nǹkan kan.

Màmá dáwọ́ ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já dúró.

"Ta la ní níbẹ̀?"

"A ò ní ẹnì kankan, Màmá. Ilé àlejò ìjọba la máa sùn sí."

"Ilé ìjọba tí èmi mọ̀, ẹ̀wọ̀n ni."

"Omi ni mo fẹ́ lọ wò."

"Ṣé odò Ògùn tó wà nítòsí wa yìí ti gbẹ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé a ń yọ ẹ́ lẹ́nu nílé yìí ni, tó fi jẹ́ ibòmíràn lo ti fẹ́ sinmi? Gbogbo ìgbà tí o fi wà nílùú òyìnbó, mò ń retí ẹ. O dé tán, ọ̀rẹ́ lónìí, ìwé lọ́la. A ò tíì jọ jókòó títí oòrùn fi wọ̀."

 Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Èmi, kí n gun òkè?"

Wọ́n padà sídìí ẹ̀fọ́ wọn. 

"Báwo ni òkè ọ̀hún ṣe ga tó?"

Ẹ̀yin tí a jọ ṣètò yìí, ẹ dá mi lóhùn: èwo nínú yín ló máa bá mi pọn ìyá àgbà?