Ẹni Tó Ń Gbé Fótò Sábíyá

Ẹni tó bá fẹ́ kí Dúró-gbà-á ya òun ní fótò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fara mọ́ òfin abíyá. Kámẹ́rà rẹ̀ ti dàgbà, irú èyí tí í yọ fótò jáde lẹ́nu lójú ẹsẹ̀; ibẹ̀ náà ni orúkọ ìnagijẹ obìnrin náà ti wá. Bébà funfun ló máa kọ́kọ́ yọ, kò ní ojú, kò ní imú. Díẹ̀díẹ̀ ni èèyàn á máa hàn nínú rẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ á fẹ́ máa fì í bí abẹ̀bẹ̀, ìyẹn gan-an sì ni obìnrin yìí ń bá gbogbo ẹbí jà lé lórí. Fótò náà kò fẹ́ fífì, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, òtútù sì lọ̀tá rẹ̀. Bí òtútù bá mú un, ojú olójú á ṣá, gbogbo rẹ̀ á sì dà bí aṣọ tó ti inú aró jáde.

Ilé wọn sì rèé, ó tutù bí ẹnu ọ̀tá. Ibi kan ṣoṣo tó gbóná níbẹ̀ ni abíyá ọkọ rẹ̀.

Ilé búrẹ́dì ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́nu ààrò. Bóyá iná ààrò ló wọ̀ ọ́ lára ni o, bóyá bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, ara rẹ̀ kì í tutù. Bí Dúró-gbà-á bá ti tẹ kámẹ́rà, kò ní í gbójú kúrò lára ẹni tó ń yà. Á kàn na fótò sí apá òsì, á ní, "Gbà." Ọkọ á gbà á, á tì í bọ abíyá lábẹ́ ẹ̀wù, á fara ti ògiri, á ká apá mọ́ra.

"Ẹ ní sùúrù," ni yóò máa wí. "Mò ń sàba lé yín lórí."

Àwọn kan á gba fótò wọn, wọ́n á gbé e símú, wọ́n á ní ó ń rùn. "Òórùn búrẹ́dì ni," ni ọkọ á dáhùn, ojú kò sì tì í rárá. Bí ẹnìkan bá wá ní kí ọkọ náà jókòó kí ìyàwó rẹ̀ yà á, á béèrè pé, "Ta ni yóò wá sàba?" Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Fótò yìí kò sì lẹ́dà. Ẹyọ kan ni, olójú ló ń mú un lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ará, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò ṣe kún ara ògiri káàkiri, tí ti ọkọ ayàfótò kò sí níbì kankan.

Nígbà tí ọkùnrin náà ṣubú lẹ́nu ààrò tí kò dìde mọ́, wọ́n wá fótò rẹ̀ tì.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ti Dúró-gbà-á yí padà: ó ń ríran kedere, ẹkún ni kò rí sun. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó rí i pé okùn bàtà ọ̀kan nínú àwọn tó gbé pósí ti tú. Ó tilẹ̀ sọ fún onítọ̀hún kó dì í. Kò pẹ́ tó fi padà sẹ́nu iṣẹ́ tó fi ń jẹun, ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn, níbi tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti ń wọ ẹnu ẹ̀rọ ní rírún tó ń jáde ní títẹ́ pẹrẹsẹ. Òun àti obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á di etí aṣọ mú, wọ́n á rìn pàdé ara wọn, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po. Lọ́jọ́ kan, irin ẹ̀rọ jó o lọ́wọ́. Obìnrin kejì ló pariwo. Òun ń wo ọwọ́ náà bí ọwọ́ ẹlòmíì.

Gbogbo ara rẹ̀ ló dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí oníṣègùn eyín gún lábẹ́rẹ́: èèyàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá gé e jẹ, kò ní í mọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló sì ń bà á lẹ́rù, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni: bóyá òun ò fẹ́ràn ọkùnrin yìí tó bí òun ṣe rò.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin kò ṣe bóyá ní tirẹ̀. Ojú gbogbo ẹbí ló ti sọ ọ́. "O ya gbogbo ayé tán, o ò ya àbúrò mi. A sin ín tán, o ò sunkún ẹ̀. Kí ni àbúrò mi tiẹ̀ jẹ́ sí ẹ?"

Ohun tí Dúró-gbà-á náà ń bi ara rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n kò tẹ ilé wọn mọ́.

Ìgbà tí òtútù wá mú gan-an, lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ni, nínú ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tó dára jù, pẹ̀lú pọ́dà lójú.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò wá jókòó. Fótò ni mo wá yà. Mi ò fẹ́ kú kí wọ́n máa wá ojú mi tì."

Ọ̀rọ̀ náà yẹ kó ta á, ṣùgbọ́n kò ta á. Ó ní, "Ó dáa." Ó mú fíìmù tí kò tíì lò, tí òtútù kì í bà jẹ́, jáde nínú fíríìjì, ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bó ṣe máa ń gbé e.

"Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀."

"Ṣé kí n rẹ́rìn-ín?"

"Tó bá wù yín."

"Kò wù mí."

"Ẹ má rẹ́rìn-ín nígbà náà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà kùn, ó yọ bébà funfun jáde. Dúró-gbà-á kò gbójú kúrò, ó na fótò sí apá òsì. "Gbà."

Ẹnikẹ́ni kò gbà á. Ọwọ́ náà wà nínà síbẹ̀. Ó tún wí, bí ẹni tó ń bá ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí nílé sọ̀rọ̀: "Gbà á jàre, ó ń tutù."

Ìgbà yẹn ló gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ náà. Ó wo ara ògiri, níbi tí ọ̀dà ti bó ní ìwọ̀n èjìká ọkùnrin kan. Àìmọye ìgbà ló ti rí àwọn tó jókòó sórí àga yìí, ó sì mọ ẹni tó máa ń dúró níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò sẹ́nu wá láti ilé ló pòórá. Ó dìde, ó gba fótò náà, ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó tì í bọ abíyá.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe é nìyí?"

"Ẹ ká apá mọ́ra. Ẹ má fì í."

"Mi ò fì í." Ó ká apá mọ́ra. "Láti kékeré ni ara ẹ̀ ti máa ń gbóná. Bí òtútù bá dé, èmi ni mo máa ń ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀. Á máa ké."

"Ó ṣì ń ké sí ẹsẹ̀ tèmi náà títí tó fi lọ," ni Dúró-gbà-á wí.

Wọ́n dúró. Nígbà tó tó, ẹ̀gbọ́n yọ fótò náà, ó nà án sí i. Ojú ẹ̀gbọ́n ti yọ níbẹ̀, kedere, ó le koko. Dúró-gbà-á kò wò ó. Bébà yẹn gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo fótò tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ṣe máa ń gbóná kó tó gbé e fún olójú, kò sì rántí rí pé ara èèyàn kan ni ooru náà ti ń wá. Ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ó gbóná," ó wí, ẹkún sì gbé e.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ, tí kì í rí ẹni tó ń sunkún kó má sọ pé ó tó, fà á jókòó sórí àga fótò. Òun náà lọ fara ti ògiri lápá òsì, níbi tí ọ̀dà ti bó, kò sì ní kó dákẹ́.