Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì Tó Kun Páànù Wa ní Dúdú

Lándílọ́ọ̀dù wa ní Ìkòsí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí mi, ti ṣe olùkọ́ sáyẹ́ǹsì rí kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ ooru ló mọ̀ jù. Ó mọ ibi tí ooru ti ń wá, ó mọ ọ̀nà tó ń gbà, ó mọ ohun tó ń fà á mọ́ra àti ohun tó ń lé e padà. Ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni pé àwa tí à ń gbé abẹ́ páànù rẹ̀ náà ní ara tó ń gbọ́ ooru.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì iwájú, níbi tí fáànù ti ń fẹ́ ní gbogbo yàrá. Ilé ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ni tàwa ayálégbé. Èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa jòjòló wà ní yàrá kan. Àlhájà àgbàlagbà kan, tó ta ata ní Mile 12 títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́, wà ní yàrá kejì. Ìkẹta ṣófo.

Ikán ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n jẹ sílìn wa títí tó fi ń já bọ́ sínú ọbẹ̀. Daddy, bí gbogbo wa ṣe ń pe lándílọ́ọ̀dù, ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ dànù, pé káfíńtà ń bọ̀ wá kan tuntun. Wọ́n tú u. Káfíńtà ò wá. Báyìí ni ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ká wa mọ́bẹ̀: páànù lókè, àwa nísàlẹ̀, kò sí nǹkan kan láàárín.

Tó bá ti di ọ̀sán, páànù á máa dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí oòrùn ṣe ń nà án. Tí o bá gbójú sókè, wàá rò pé ẹnì kan gbé ààrò kọ́ sórí rẹ ni. Ìpara ọmọ yọ́ di omi nínú ike. Àbẹ́là tí a gbé sórí tábìlì, tí a ò tíì tàn rárá, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọ mi. Ooru sú bo ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí mo bá ti gbé e wọlé, á figbe ta. Bí mo bá gbé e jáde, á dákẹ́.

Ọkọ mi ní ká lọ bá Daddy sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àlhájà ní òun náà ń lọ. A bá Daddy nídìí tíì. Ó gbọ́ wa tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ti ife náà sọ́dọ̀ mi, ti òun ti ṣíbí inú rẹ̀.

"Di orí ṣíbí yẹn mú."

Mo dì í mú. Kíá ni mo fi í sílẹ̀, tí mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka mi.

"Ó dáa! Ṣé o fọwọ́ kan tíì ni?"

"Rárá, sà."

"Kọ́ńdọ́ṣọ̀n nìyẹn. Ooru gba inú irin rìn láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó bọ́ sí ọ lọ́wọ́ torí pé o fara kàn án. Ó yá, ṣé orí yín ń kan páànù nínú yàrá?"

"Kì í kàn án, sà."

"Tiyín kì í ṣe kọ́ńdọ́ṣọ̀n nígbà náà! Rediéṣọ̀n ni. Ooru fúnra rẹ̀ ló ń fò wá bá yín láti ara páànù, bí ti oòrùn ṣe ń fò wá sílé ayé láìsí ẹni tó gbé e."

Àlhájà ní, "Daddy, káfíńtà ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n parí, Àlhájà."

Ó parí. Ó ní afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè ni, torí náà bẹ́ẹ̀dì wa ló ga jù. Ká máa sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Mummy, gbé omi tútù wá kí n fi ìka mi bọ̀ ọ́. Ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, ó sì wo ọkọ rẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀, ìmọ̀ kún orí wa, sílìn ò sí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, a rí àwọn ọlọ́dà lórí òrùlé wa. Inú wa dùn, a rò pé funfun ni wọ́n fẹ́ kùn ún. Ìgbà tí ọ̀dà kán sílẹ̀ ni a rí i pé dúdú ni, dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọkọ mi sáré lọ bá Daddy, tó dúró sí àgbàlá tó ń ṣe ọ̀gá lé wọn lórí.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé dúdú kọ́ ló ń fa ooru mọ́ra jù ni?"

Ojú Daddy tàn. "O káre! Òun ló ń fà á jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìdajì lẹ máa ń gbọ́. Ohun tó bá ń fa ooru mọ́ra jù náà ló ń tú u sílẹ̀ jù."

"Ta ló wá ń tú u sí lórí, sà?"

Daddy wò ó bíi pé ó bú òun. "Ìpẹtà ni mò ń bá jà. Ọ̀dà tí mo fi kun géètì ló ṣẹ́kù. Ṣé kí n dà á nù ni?"

Lọ́sẹ̀ yẹn, ara ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Gbàgádà, mo sì sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi débẹ̀. Mo ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ mi pè mí lórí fóònù. Ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. "Máa bọ̀," ó ní. "Wọ́n ń lẹ táìlì lókè. Daddy àti Mummy ti kó sí yàrá tó ṣófo."

Mo pọn ọmọ mi, mo padà sí Ìkòsí lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Mo bá Àlhájà, ọkọ mi àti Mummy lábẹ́ igi fúrúùtù. Mummy ti kọ̀, kò wọlé. Daddy nìkan ló wà nínú yàrá. Ó ní òun fẹ́ rẹjú díẹ̀.

Páànù ń dún kọ̀, kọ̀. Nígbà tó yá, Daddy jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tí òjò pa. Òòyì kọ́ ọ díẹ̀, ó sì na ọwọ́ fi gbá ilẹ̀kùn onírin mú, ilẹ̀kùn tó ti ń yá oòrùn láti àárọ̀.

"Yéè!"

"Pẹ̀lẹ́ o, Daddy," Àlhájà kí i. "Èwo nìyẹn nínú méjèèjì, kọ́ńdọ́ṣọ̀n àbí rediéṣọ̀n?"

Ọkọ mi dìde lọ sẹ́yìn ilé. Èmi bo ẹnu mi. Mummy ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ padà wọlé," Mummy ní. "Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ sùn. Ṣebí ooru máa ń gòkè."

"Ìyá àwọn ọmọ, jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Mi ò gbọ́ àlàyé. Ẹ wo ẹ̀yìn ọmọ yìí! Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ fún yín! Tí káfíńtà ò bá dé lọ́la, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa gbé ibí yìí títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀."

Káfíńtà dé lọ́jọ́ kejì kí a tó jẹun àárọ̀. Daddy fẹ́ kó kan sílìn yàrá tí òun sùn sí nìkan. Mummy gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó tì í títí ó fi kan ti yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó parí, Daddy pè wá jọ, ó kọ́ wa pé pákó ló ń dí ooru páànù lọ́nà, pé afẹ́fẹ́ tó há sáàárín kì í jẹ́ kó kọjá wéré. Ó ní ìwádìí ni òun tìtorí ẹ̀ sùn síbẹ̀. A kí i pé ó ṣé. Ọmọ mi sùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sì sùn pẹ́.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, a kó lọ sí Kétu. Daddy sìn wá dé ìdí ọkọ̀ tó kó ẹrù wa. Ó wo fíríìjì wa, ó kìlọ̀ fún ọkọ mi pé kó má gbé e sún mọ́ ògiri jù, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbà tú ooru sílẹ̀. Òótọ́ ni. Tó bá di ọ̀rọ̀ ooru, bàbá náà kì í sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́.